Ẹ Dúró Dọ̀la

Ní Ìdìrokò, níbi tí bàbá mi ti ń pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà kó tó kú, bẹ́ǹṣì ìta tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti máa ń jókòó dúró máa ń dún tí mo bá ti ti ìsọ̀. Mo máa ń sọ pé igi gbígbẹ ni.

Lánàá, ìyá arúgbó kan na ìdì náírà àtijọ́ sí mi.

"Èló ni lónìí?"

"Náírà méjì kò tó sẹ́fà kan mọ́, màmá."

"Nígbà tí mo kó o wá, náírà kan ń gba ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà. Bàbá rẹ ní kí n dúró dọ̀la, pé yóò tún lé sí i."

Inú bí mi sí bàbá mi, àmọ́ irọ́ tí mo jogún ló jáde lẹ́nu mi:

"Ẹ dúró dọ̀la, màmá."

Ó pòṣé, ó kọjú sí bẹ́ǹṣì tó ṣófo.

"Ẹ sún fún mi."

Bẹ́ǹṣì náà dún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.