Àwo Gìtá tí Fọlárìn Kò Gbọ́ Rí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fọlárìn ará Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra àwo orin gìtá onígi, èyí tí kì í lo iná, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, Fọlárìn ni wọ́n máa ń bi. Ó mọ ohùn tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Àléébù kan ló ní: kò lè la ẹnu sọ pé òun kò mọ nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin àdúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mọlará wá bá a nítorí bàbá rẹ̀. Bàbá Ṣódìípọ̀ ta gìtá nígbà èwe rẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi le. Etí òsì rẹ̀ ti di láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, kókó kan ti hù sínú etí ọ̀tún, àwọn dókítà sì fẹ́ yọ ọ́ kó tó wọ ọpọlọ.

“Bọ̀ọ̀dá Fọlárìn,” ni Mọlará wí, “wọ́n ní àwọn á gbìyànjú kí etí náà má kú, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣèlérí. Bàbá fẹ́ gbọ́ gìtá tó mọ́ kedere kí wọ́n tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Èwo ni ká rà?”

Àwo tó dára pọ̀ nílé Fọlárìn. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, bí òun bá kàn fa ọ̀kan yọ nínú wọn, kò ní jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ló bá dárúkọ àwo ọkùnrin ará Brasil kan tí àwọn ará òkè òkun ń yìn.

“Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín?”

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. “Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí.” Bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ orin kan níbẹ̀ rí.

Àwo náà dé nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fọlárìn gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo àti sípíkà rẹ̀ lọ sí pálọ̀ wọn. Ó ti ní i lọ́kàn pé òun á kọ́kọ́ dá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Bàbá gbá àwo náà mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá tí wọ́n fi dì í àfi lójú gbogbo ilé. Fọlárìn gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà lé e.

Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta gìtá nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Okùn kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Fọlárìn sún sípíkà síwájú, ó sún un sẹ́yìn, ó yẹ wáyà wò. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ òun kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó gba orin náà sílẹ̀ ni kò ṣe é dáadáa.

Bàbá tẹ etí ọ̀tún síwájú. “Fọlárìn, ṣé ò ń gbọ́ okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan?”

Fọlárìn tún sún sípíkà díẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mọ́ kedere.”

Bàbá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ ti yí padà. “Etí mi ti kú nìyẹn. Ariwo lásán ni mò ń gbọ́. Mọlará, sọ fún àwọn dókítà pé n kò wá mọ́. N kò ní jẹ́ kí wọ́n la orí mi nítorí etí tó ti kú.”

Mọlará kúnlẹ̀. “Bàbá, kì í ṣe etí nìkan, ẹ̀mí yín ni.”

“Mo ti sọ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sílé mi títí ọlọ́jọ́ á fi dé.”

Bí Fọlárìn bá sọ òótọ́, gbogbo ilé á mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́. Bí ó bá dákẹ́, bàbá yìí á kú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Bàbá, etí yín kò tíì kú. Irọ́ ni mo pa. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ náà ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. N kò gbọ́ àwo yìí rí kí n tó ní kí ẹ rà á.”

Bàbá mi orí. “Àánú mi ló ń ṣe ọ́. Nígbà tí o ní ó mọ́ kedere ńkọ́? Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?”

Fọlárìn dìde. Ó sáré jáde. Mọlará rò pé ó ti sá lọ ni, àfi bó ṣe padà dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, pẹ̀lú àwo àtijọ́ kan lọ́wọ́. Ọkùnrin ará Gánà kan ló ta gìtá sínú rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan, Fọlárìn sì ti gbọ́ ọ títí páálí rẹ̀ fi ya. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yìn ín rárá.

“Bàbá, n kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá gbọ́.”

Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá di ojú, ó tẹ etí ọ̀tún síwájú.

“Ó mí kó tó bẹ̀rẹ̀,” ni Bàbá wí níkẹyìn. Ó tún tẹ́tí sí i. “Àga rẹ̀ dún. Èékánná rẹ̀ kan igi gìtá. Okùn ìsàlẹ̀ yẹn ti dẹ̀ díẹ̀.”

Mọlará bú sẹ́kún, nítorí gbogbo rẹ̀ lòun náà gbọ́. Bàbá ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí wọ́n bá òun di ẹrù òun.

Wọ́n yọ kókó náà, Bàbá sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n etí náà kú. Orin ọ̀sán yẹn ni gìtá tó gbọ́ kẹ́yìn. Fọlárìn kò lè gbàgbé pé irọ́ òun ló gba díẹ̀ nínú ìwọ̀nba àkókò tó kù fún Bàbá láti gbọ́ orin. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún bi í léèrè nǹkan. Àwọn tó padà wá, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ fún wọn ni pé, “Èyí, mo ti gbọ́ ọ. Tọ̀hún, n kò tíì gbọ́ ọ.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fi bo àìmọ̀ lè mú kí ẹlòmíì máa ṣiyèméjì sí etí ara rẹ̀, ó sì lè mú kí a má rí ẹni gba òótọ́ wa gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí bá wà nídìí rẹ̀.