Bíbọnilọ́wọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

"Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi," ni ọ̀gá àgbà wí, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ọ̀fẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní New Orleans: á bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́, á sì pe orúkọ ẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Thibodeaux, gbé ẹ̀rọ tó mú wá, tó ń ka káàdì ọmọ tó sì ń kí i lórúkọ, kọ́ ara ilẹ̀kùn. "Mà, ọgọ́ta ọmọ lẹ ní báyìí. Tá a bá kọ́ ilé tuntun tán, wọ́n á di irínwó. Ẹ ò lè máa bọ irínwó ọmọ lọ́wọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé irin ló máa wá máa kí ọmọ ọlọ́mọ, bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹrù ní èbúté? Káàárọ̀, Odile." Ojú ọ̀gá ti pọ́n. "Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró níbí, mi ò ṣi orúkọ ọmọ kankan pè rí. Káàárọ̀, Noémie."

"Igba ọmọ ló ń retí àyè, mà."

"Kí wọ́n máa retí." Ó fa ọwọ́ ọmọ tó kàn mọ́ra. "Káàárọ̀, Celestine."

Ọmọ náà wolẹ̀, ó sì ń wọlé lọ. Káàdì tí alága há fún wọn lánàá, tó gbé kọ́ ọrùn, kan ẹ̀rọ náà.

"Káàárọ̀, Delphine," ni ẹ̀rọ wí.

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ náà.

"Kò sí wàhálà, mà," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́. "Mo ti ń jẹ́ Celestine fún yín látoṣù kẹsàn-án."