Ìyàwó Ọjọ́ Ìbò

Íńkì ni Akíntáyọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, kò gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn. Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí òun náà dìbò tán, ìyàwó rẹ̀ fi ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti kàrásíìnì bá ìka rẹ̀ jà títí awọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, íńkì náà kò mira. Ó ní ohun tó dáa ni àwọn elétò ìdìbò rà yìí. Káàdì ẹnì kan lè di méjì, orúkọ lè di méjì, ṣùgbọ́n ìka tó bá ti wọ inú ìgò yẹn ti di ẹlẹ́rìí.

Tíṣà ni Akíntáyọ̀, ọmọ Ìjerò Èkìtì, ní ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀. Sátidé márùn-ún ni ìjọba fi ìbò sí lọ́dún 1979, ìka ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tì bọ íńkì ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ibùdó tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, ọ̀gá tó ń yí ká láti ibùdó dé ibùdó, ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ti tíṣà tó ṣe olórí ibùdó bíi tiyín? Ẹni tó ti ní íńkì lọ́wọ́ tún dìbò níwájú rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni tíṣà náà sùn. Ẹ má jẹ́ kí n máa gbé búrẹ́dì wá fún yín níbẹ̀ o."

Akíntáyọ̀ ní kò lè ṣẹlẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, kò sì fẹ́ kí ìka ẹlòmíì tì í ṣubú.

Nígbà tí oòrùn ń ga bọ̀, takisí kan dúró lẹ́nu géètì, kò pa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin kan tó sanra bọ́ sílẹ̀, ó ní Ìyá Táòfíkì ni wọ́n ń pe òun, ó sì fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ jáde. Ìborùn funfun bo ọmọ náà dé àyà. Àwọn tó wà lórí ìlà yẹ̀ fún un.

"Ìyàwó rèé o! Ẹ jẹ́ ó kọjá!"

Akíntáyọ̀ gba káàdì rẹ̀. Sàfúrátù ni orúkọ tó wà níbẹ̀, ó sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò.

"Gbé ọwọ́ wá."

Sàfúrátù na ọwọ́ méjèèjì. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dúdú bí ìdí ìkòkò.

Akíntáyọ̀ ti káàdì padà. "O ti dìbò."

"Tíṣà, làlì mà ni," ni Ìyá Táòfíkì wí. "Ewé tí wọ́n ń lọ̀ kun ìyàwó."

"Èmi ò mọ làlì. Dúdú ni mo mọ̀."

"Lórí ìka mẹ́wàá? Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló wá dì í ni?" Ó gbé etí ìró ọmọ náà sókè. "Ẹ wo ẹsẹ̀. Ṣé ó tún fẹsẹ̀ dì í ni?"

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Akíntáyọ̀ wo ẹsẹ̀, òun náà dúdú. Ó pe Súbérù, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àpótí ìbò, ọmọ Ìsẹ́yìn.

"Kọ́púrù, kí nìyí?"

"Làlì ni, sà. Òun náà ni ìyàwó mi lé wá sílé mi. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀bà."

"Ta ló ń gbéyàwó lọ́jọ́ ìbò?"

Ìyá Táòfíkì káwọ́ lérí. "Sátidé márùn-ún nìjọba gbà mọ́ wa lọ́wọ́, Tíṣà. Ṣé ká dúró dìgbà táwọn sójà bá kó lọ tán ni?"

"Ọkọ dà?"

"Ṣé ọkọ ní í mú ìyàwó kiri kí wọ́n tó so yìgì ni? Àwọn ááfà ti jókòó. Takisí ń jó epo."

Akíntáyọ̀ gbé ìgò íńkì sókè, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ làlì yìí, àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Ó mú ìka kan, ó fi ẹ̀kánná họ ọ́. Kò ṣí. Ó ní kí wọ́n bu kàrásíìnì wá.

"Sà," ni Súbérù wí, "ẹ fẹ́ fi kàrásíìnì kun ìyàwó oníyàwó?"

Ìgbà náà ni Sàfúrátù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré lábẹ́ ìborùn.

"Bàbá, ilé ọkọ ni mò ń lọ nírọ̀lẹ́ yìí, ní Ìkòròdú. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Bí mi ò bá dì í níbí, kò síbi tí mo ti lè dì í mọ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Abórìṣàdé, tó ń lẹ táyà lójú títì, pariwo láti ẹ̀yìn ìlà.

"Tíṣà, ẹkún ìyàwó la mọ̀ o, a ò mọ ẹkún ìbò! Ṣé bẹ́ẹ ti ń ṣe é l'Ékìtì nìyẹn?"

Akíntáyọ̀ ronú. Òfin ní kí ó ti ìka bọ íńkì, òfin kò sọ̀rọ̀ làlì. Ó mú àtàǹpàkò òsì ìyàwó, ó rì í sínú ìgò dé oríkèé. Dúdú ló wọlé, dúdú ló jáde. Ó fún un ní ìwé ìbò.

Nígbà tí ìwé náà bọ́ sínú àpótí, gbogbo ìlà pàtẹ́wọ́. Akíntáyọ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ fi èyí ra omi fún àwọn ááfà."

Ìyá Táòfíkì kúnlẹ̀ gbà á. Takisí gbéra.

Nírọ̀lẹ́, iye ìwé ìbò bá iye orúkọ mu géérégé. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ibùdó rẹ̀ kò ní àbàwọ́n kankan. Akíntáyọ̀ gbé ayọ̀ náà dé ilé. Ó sọ ti ìyàwó onílàlì fún aya rẹ̀, wọ́n sì di ojú pọ̀, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run fọmọ dá ilé ìyàwó náà lọ́lá.

Bí wọ́n ti ń ṣe àmín, Sàfúrátù ń ká ìborùn rẹ̀ nínú takisí, nítorí láti àárọ̀ ló ti ń ṣe ìyàwó dìbò, ní Mafoluku, ní Àjàó Estate, ní Ìsọlọ̀ àti ní Okota, kò sì tíì lọ́kọ.