Fọ́tò Tí Kò Ní Iwin

Mojírọ́lá ayàfọ́tò ti fi epo pupa kun ògiri bí ẹ̀jẹ̀. Ó ti so aṣọ funfun rọ̀ bí iwin sẹ́yìn Ládípọ̀ ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kámẹ́rà tó ń rà bàbà lókè kọ̀, kò ya nǹkan kan. Kì í ya fọ́tò ẹ̀rù àfi tó bá gbọ́ àyà tó ń já lóòótọ́.

“Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù!”

Ládípọ̀ rẹ́rìn-ín. “Lọ́dọ̀ Àdùfẹ́, ìṣẹ́jú kan péré ni kámẹ́rà fi yà mí. Ọmọ yẹn mọṣẹ́.”

Àdùfẹ́ tí Mojírọ́lá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́! Kí ni ọmọ náà ṣe fún Ládípọ̀ tí àyà rẹ̀ fi já? Owú ń ta á lára bí ata.

“Ṣé ẹ tún máa lọ síbẹ̀?”

“Ó ní kí n wá lọ́la.”

Kámẹ́rà kẹ̀yìn sí ọkọ, ó kọjú sí ìyàwó, ó sì yà á. Fọ́tò bọ́ sílẹ̀.

Ládípọ̀ mú un, ó wò ó. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, ojú Mojírọ́lá tí ẹ̀rù kún nìkan ni. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ni kámẹ́rà bá yí padà, ó ya Ládípọ̀ náà.