Ìyá Ló Mọ Ojú Ọmọ

Fi-Í-Sílẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì ẹ̀kọ́ fọ́tò yíyà, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ irorẹ́ lójú èèyàn, "Fi í sílẹ̀, òun ló ni ín." Bí wọ́n bá fẹ́ sọ eyín di funfun, "Fi í sílẹ̀." Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní bó bá jẹ́ onídìrí ni, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya irun. Olùkọ́ wọn kì í bá a jiyàn púpọ̀. "Kò sí fọ́tò tí kì í purọ́," ló máa ń sọ. "Ìwọ tó o dúró lápá òsì ya èèyàn, o ti fi apá ọ̀tún pamọ́."

Nígbà tí olùkọ́ wá gbé iṣẹ́ àwòrán àlẹ̀mọ́ra, èyí tí wọ́n ń gé lára fọ́tò oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀, fún un ní ọdún kẹta, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ọkùnrin kan ló wá bẹ olùkọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ti sọnù. Ọkùnrin náà ti lo ọdún mẹ́rin níbi iṣẹ́ tó jìnnà sílé. Ọ̀sẹ̀ tó ń padà bọ̀ gan-an lọmọ kúrò nílé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n yà fún káàdì ilé ìwé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn ìyókù wà lórí fóònù ìyá rẹ̀, ìyá sì ní fóònù náà já bọ́ sómi.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ dàgbà," ni bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ mọ́. "Bó ṣe máa rí nísinsìnyí ni mo fẹ́ lẹ̀ káàkiri." Ó fi ìka kan ọrùn ọmọ náà nínú fọ́tò, níbi tí àpá iná kan wà lábẹ́ etí. "Ẹ yọ èyí kúrò. Kò dáa kí aráyé máa wò ó."

"Sà, àpá yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n tètè dá a mọ̀," ni Fi-Í-Sílẹ̀ wí.

"Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Ó gba fọ́tò ìyá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gba ti àbúrò ìyá. Ó gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbìí, ó gé ìpéǹpéjú lọ́hùn-ún, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ọmọdé náà díẹ̀díẹ̀, títí ọmọge kan fi jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé irọ́ lè jọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá gbé ìyá wá, ó ní òun á padà wá mú un ní aago mẹ́rin. Obìnrin kékeré ni, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ èrò. Ó wo kọ̀ǹpútà.

"Kì í ṣe òun."

"Ẹ má bínú, mà. Níbo ni kí n tún ṣe?"

"Imú rẹ̀ fẹ̀ ju báyìí lọ." Fi-Í-Sílẹ̀ fẹ imú. "Àgbọ̀n rẹ̀ kò gùn." Ó gé àgbọ̀n kúrú. "Ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra. Ètè rẹ̀ nípọn."

"Mà, nínú fọ́tò yìí, ètè rẹ̀ tín-ín-rín."

"Ọmọ a máa yí padà, ọmọ mi. Ìyá ló mọ ojú ọmọ."

Fi-Í-Sílẹ̀ kò jiyàn. Ó ti gbọ́ rí pé àárò a máa da ojú ẹni tó lọ rú lọ́kàn ẹni tó kù. Bí ìyá ṣe ń wí ló ń ṣe. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, ọmọ ẹlòmíràn ló jókòó lójú kọ̀ǹpútà.

"Òun nìyí," ni ìyá wí. Ó wá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá wọlé, ó wò ó títí. "Ó dà bíi pé kò jọ wá."

"Ó jọ màmá mi," ni ìyá dá a lóhùn. Kò gbójú sókè.

Nọ́ńbà bàbá ni wọ́n kọ sábẹ́ pósítà. Fi-Í-Sílẹ̀ ní kí wọ́n fi ti ìyá kún un; bàbá ní òun lòun ń bá a tọ́jú fóònù rẹ̀ tuntun.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Pósítà náà kún ara ògiri àti òpó iná láti ìlú dé ìlú, kò sẹ́ni tó rí ọmọ. Bí Fi-Í-Sílẹ̀ bá pàdé ọ̀kan, ṣe ló máa ń yíjú kúrò. Fún ìdánwò àṣekágbá, ó yàn láti ya ojú àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe wà, láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé ìlú kan tí kò dé rí, ní ọ̀sán, níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan. Pósítà wà lára ilẹ̀kùn gíláàsì. Lẹ́yìn gíláàsì, ọmọbìnrin kan tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀rọ, ó ń to ìwé. Ó gbójú sókè.

Ojú tí Fi-Í-Sílẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ni, kí ìyá tó dé. Imú yẹn, àgbọ̀n yẹn, ètè tín-ín-rín yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wò wọ́n, kò lè ṣì wọ́n mọ̀. Àwọn oníbàárà ń gba ẹ̀gbẹ́ pósítà wọlé, wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ya fọ́tò kan láti òdìkejì títì. Kò yọ nǹkan kan níbẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà orí pósítà, pẹ̀lú orúkọ òpópónà náà. Ó ti ń rí i lọ́kàn rẹ̀ bí ìyá yẹn yóò ṣe bú sẹ́kún ayọ̀. Èsì dé kó tó ti fóònù bọ àpò: "Mo wà nítòsí. Má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀."

Ó wọlé, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà ìwé kan lọ́nà ogún, kó lè pẹ́. Kò mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ló bá nawọ́ sí pósítà. "Èmi ni mo ṣe èyí ní ilé ìwé wa," ló wí.

Ọmọbìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró, ó wò ó dáadáa, ó jáde lẹ́yìn tábìlì, ó sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, màmá mi ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀yin lẹ bá òun yí ojú mi padà, kí bàbá mi má baà rí mi mọ́ láyé."