Ojú Kan fún Èèyàn Méjì

Nílé tí wọ́n ti ń fowó àánú tọ́jú àwọn arúgbó ní Ìsẹ́yìn, ojú aláìsàn ni àpótí oògùn máa ń wò kó tó ṣí. Nígbà tí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà tún fowó lé iye tí wọ́n ń gbà lórí ojú kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì Fadérera fi orúkọ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn arúgbó ìbejì méjì tójú wọn jọra, Táyélolú àti Ọmọ́kẹ́hìndé. Bí ẹnì kan bá lo oògùn lónìí, ìkejì á lò ó lọ́la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Táyélolú kò jí mọ́. Fadérera kò jẹ́ sọ fún ẹ̀rọ. Ó fa Ọmọ́kẹ́hìndé dé iwájú àpótí, àpótí sì ṣí.

"Ẹ gbà, Màmá. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa lò ó báyìí."

Ìyá àgbà kò nawọ́.

"Táyé ló kàn lónìí."