Ọṣẹ Tó Ń Ta Sánsán Lára Ìyàwó Alágbàdo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ìyàwó yín ń jáde lọ ṣiṣẹ́.

1. Alágbàdo ni wọ́n ń pe àgbẹ̀ náà. Nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí àgbàdo rẹ̀ gbẹ lórí ìdúró, ìyàwó rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sí ilé búrẹ́dì nínú ìlú. Ó ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ gbogbo ilé.

2. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ọkọ lọ́kàn. Bí obìnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, ara rẹ̀ á máa ta sánsán ọṣẹ. Ọkọ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Èmi, tèmi ti epo dúdú lára ni mo ń délé. Ta ló ń ti ibi iṣẹ́ dé bí ìyàwó tuntun? La ojú ẹ o!"

Láti ọjọ́ náà, ọkọ ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó fura. Bó dákẹ́, ó tún fura.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí i? Wọ́n bi í, kò sọ.

3. Alágbàdo tọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ó sápamọ́ sẹ́yìn igi ìdáná ilé búrẹ́dì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá kékeré kan, ó tilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin dún nítòsí: "Ẹ yára o!"

Alágbàdo fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin mìíràn tó ń fi ọṣẹ fọ ìyẹ̀fun kúrò lára ló bá níbẹ̀, ìhòòhò ni wọ́n wà. Igbe ta! Ọkùnrin tó ń pariwo níta, ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ ti géètì ni.

4. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì sọ fún ìyàwó pé, "Ìyá, ẹ mọṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ọkọ yín mọ́ yín. Ẹ máa lọ sílé, iṣẹ́ yín parí."

Lójú ọ̀nà, obìnrin náà ò sunkún. "Ò bá ti bi mí," ló sọ.

Ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Kò padà. Alágbàdo ń ṣiṣẹ́ alágbàṣe lóko olóko báyìí.

Ẹ ṣọ́ra o! Ohun tó bá rú yín lójú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó bá lo oògùn ní àlòjù, oògùn á pa á.